Orúnkún àwọ̀nṣe àti orúnkún tó wà nílẹ̀: ìdáhùn sí ìbéèrè màmá kan n'Íbàdàn

Ìbéèrè: "Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ọmọ ọdún 67, Ìbàdàn ni mo ń gbé. Orúnkún mi ọ̀tún ti jẹ, ẹsẹ̀ náà sì ti tẹ̀ síta débi pé mo ní láti di irin àtẹ̀gùn mú kí n tó lè gun òkè ilé ara mi. Dókítà tó ń tọ́jú mi ní kí a pààrọ̀ orúnkún náà, ó sì sọ fún mi pé irinṣẹ́ tí àwọn ń lò fún gbogbo ènìyàn ni òun máa lò. Ọmọ mi tó wà ní Houston ní kí n má tíì gbà. Ó ní lọ́dọ̀ tàwọn, wọ́n máa ń ya àwòrán ẹsẹ̀ ènìyàn ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan, wọn á sì ṣe orúnkún tó jẹ́ ti ẹni náà nìkan. Ó fẹ́ kí a ta ilẹ̀ kan tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ kí n lè wá ṣe é níbẹ̀. Ṣé ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì tó ohun tí a ń torí rẹ̀ ta ilẹ̀? Kí n má gbàgbé, ọkọ̀ dojú dé pẹ̀lú mi ní ọdún 1998, wọ́n ki irin bọ eegun itan mi ọ̀tún, irin náà ṣì wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá mi dáhùn bóyá màá tún lè kúnlẹ̀ gbàdúrà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà."

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnira, màmá, ẹ sì kú àfaradà. Iṣẹ́ abẹ eegun ni mo ń ṣe, ìbéèrè tí ọmọ yín gbé dìde yìí sì wà lára èyí tí mo ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn tí ọmọ wọn ń gbé lókè òkun. Ọmọ yín ò parọ́, ohun tó sọ wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ènìyàn ń kó sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, tí wọ́n ń pe gbogbo rẹ̀ ní orúnkún tí a wọ̀n ṣe fún ẹni, ẹni tó bá sì fẹ́ náwó sí i ní láti kọ́kọ́ béèrè pé èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ń tà fún òun. Ní ti irin tí ẹ mẹ́nu bà ní ìparí lẹ́tà yín bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, màá padà sórí rẹ̀, nítorí pé bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, ìdáhùn mi ì bá kúrú jù báyìí lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí dókítà yín ní lọ́kàn. Nígbà tí a bá ní a pààrọ̀ orúnkún, a kì í gé orúnkún sọnù kí a fi òmíràn sí àyè rẹ̀. Ojú eegun itan àti ojú eegun ojúgun, níbi tí méjèèjì ti pàdé, ni a máa ń bẹ́ kúrò, bí ìgbà tí ènìyàn bá bẹ́ ibi tó ti bàjẹ́ lára iṣu tó sì fi èyí tó dára sílẹ̀. Lórí eegun itan, ohun tí a ń gé kì í sábà ju nǹkan bíi mìlímítà 8 sí 10 lọ ní ìnípọn. Irin tó nípọn tó ohun tí a gé la fi ń bo eegun itan padà, àwo irin kan yóò jókòó sórí eegun ojúgun, ike líle tó ń yọ̀ yóò sì wà láàárín àwọn méjèèjì dípò kèrékèré, eegun rírọ̀ tó ń bo ojú eegun, tó ti jẹ tán. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n ṣe fún eegun ló sábà máa ń dì wọ́n mú. Àwọn kan máa ń bo ẹ̀yìn eegun pẹlẹbẹ tó wà níwájú orúnkún náà pẹ̀lú ike, àwọn mìíràn máa ń fi í sílẹ̀.

Ibi tí ayùn yóò gbà ni gbogbo àríyànjiyàn yìí dá lé. Nínú ìlànà gbogbogbòò, oníṣẹ́ abẹ yóò lu ihò sí ìsàlẹ̀ eegun itan, láàárín orúnkún gan-an, yóò sì ki ọ̀pá irin gígùn kan gba inú ihò mùdùnmúdùn lọ sókè, nítorí ọ̀pá náà ni yóò sọ fún un ibi tí eegun itan kọrí sí. Yóò fi irin kan tó ní ojú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ há ọ̀pá náà, yóò yí i sí dígírì 5, 6 tàbí 7 gẹ́gẹ́ bí ohun tó ti wọ̀n nínú àwòrán X-ray, yóò fi ìṣó tín-ín-rín kàn án mọ́ eegun, yóò fa ọ̀pá yọ, ayùn yóò sì gba ojú ihò náà kọjá. Ní ti eegun ojúgun, irin mìíràn ni a ń so mọ́ kókósẹ̀ láti ìta, tó gùn bá iwájú ẹsẹ̀ dé orúnkún, tí a ó fi ojú wò títí yóò fi bá eegun náà dọ́gba. Lẹ́yìn tí gígé bá parí, a ó ti àwọn ìdíwọ̀n bọ inú àlàfo tó ṣí sílẹ̀, nígbà tí ẹsẹ̀ bá nà àti nígbà tó bá ká, láti mọ̀ bóyá okùn ara tó di orúnkún mú lápá inú àti lápá ìta le bákan náà. Tí apá kan bá le ju èkejì lọ, a ó rọra tú u díẹ̀díẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni èyí ń gbà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ènìyàn ti ń mọ oníṣẹ́ abẹ tí ọwọ́ rẹ̀ gbó yàtọ̀ sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Orúnkún tí dókítà yín pè ní ti gbogbo ènìyàn kì í ṣe ìwọ̀n kan ṣoṣo o. Bí bàtà ló rí: irin ti itan ní oríṣiríṣi ìwọ̀n, àwo ti ojúgun náà ní tirẹ̀, ike náà sì wà ní oríṣiríṣi ìnípọn, a sì máa ń dán wọn wò lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ kí a tó mú èyí tí yóò dúró síbẹ̀. Ọ̀nà yìí ti pẹ́. Láti nǹkan bí ọdún 1974 tí oníṣẹ́ abẹ eegun John Insall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo irú orúnkún àtọwọ́dá kan ní Hospital for Special Surgery ní New York, àfojúsùn pàtàkì wọn ni pé kí ẹsẹ̀ tọ́: kí ìlà tí a bá fà láti àárín oríkèé ìgbáròkó dé àárín kókósẹ̀ gba àárín orúnkún kọjá, kí ó má sì yà ju dígírì 3 lọ sí ẹ̀gbẹ́ kankan. Irú àwọn orúnkún bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tọ́pa nínú ìwádìí kan tó jáde ní ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní ọdún 2019, tó fi hàn pé nínú 100 tí wọ́n ti pààrọ̀, nǹkan bí 82 ló ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọdún 25. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé tòun dára ju èyí lọ ní iṣẹ́ láti ṣe.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹni tí orúnkún rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ni inú rẹ̀ ń dùn. Nínú ènìyàn márùn-ún tí a bá pààrọ̀ orúnkún fún, nǹkan bí ẹnì kan yóò sọ pé kò tẹ́ òun lọ́rùn tó: ó ń ro ó, tàbí ó le, tàbí ó ń ṣe é bí ẹni pé orúnkún náà kì í ṣe tirẹ̀. Ẹnì kan yẹn ni gbogbo àwọn tó ń ta orúnkún àwọ̀nṣe ń wá.

Nínú mẹ́ta tí mo sọ, èkíní ni atọ́nà ayùn tí a wọ̀n ṣe. Níhìn-ín, orúnkún àtọwọ́dá fúnra rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tó wà nílẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe fún ẹni ni ike kékeré kan tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé oníke rọ, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi CT tàbí MRI, àwọn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, ya àwòrán ẹsẹ̀ yín, tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sì ti lo kọ̀ǹpútà láti yan ibi tí ayùn yóò gbà. Inú ike náà rí gẹ́lẹ́ bí ojú eegun yín ṣe rí, bí èèpo ẹ̀pà ṣe máa ń bá ọmọ rẹ̀ mu, kí ó lè jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo ni yóò ti jókòó pa. A kì í nílò ọ̀pá inú eegun itan mọ́, àwo irinṣẹ́ tí a ní láti sè nínú ẹ̀rọ tó ń pa kòkòrò náà sì dín kù, èyí tí kì í ṣe ohun kékeré níbi tí iná ọba ti ń ṣe bó ṣe wù ú. Àwòrán tí wọ́n lò ṣe pàtàkì: MRI ń rí kèrékèré, CT kò fi bẹ́ẹ̀ rí i. Bí wọ́n bá fi CT ṣe atọ́nà náà, tí oníṣẹ́ abẹ kò sì há kèrékèré tó ṣẹ́ kù kúrò dáadáa lábẹ́ rẹ̀, ike náà yóò gbé sókè bí àwo tí òkúta wà lábẹ́ rẹ̀, ayùn yóò sì gba ibi tí kò yẹ.

Kí ni àbájáde rẹ̀? Wọ́n ti fi í wé ìlànà gbogbogbòò lọ́pọ̀ ìgbà, nínú ìwádìí tó jẹ́ pé ìbò ni wọ́n fi pín àwọn aláìsàn sí méjì, ohun tí ó sì ń jáde lemọ́lemọ́ ni pé ìrora, rírìn àti ìtẹ́lọ́rùn àwọn méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ó lè dín ìṣẹ́jú díẹ̀ kù nínú tíátà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni a fi ń dúró kí ilé iṣẹ́ tó ṣe é tán, oníṣẹ́ abẹ sì máa ń yí ètò tí kọ̀ǹpútà ṣe padà nígbà mìíràn tàbí kó pa ike náà tì nígbà tó bá rí i pé kò jókòó. Ẹ má sì rò pé nítorí pé ó ti Amẹ́ríkà wá, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dé ọjà. Láàárín ọdún 2006 sí 2009, ilé iṣẹ́ OtisMed ní California ta irú atọ́nà yìí tó ju 18,000 lọ láìgba àṣẹ FDA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń fọwọ́ sí oògùn àti irinṣẹ́ ìwòsàn. Nígbà tí FDA wá kọ ìwé pé àwọn ò fọwọ́ sí i, wọ́n ṣì kó èyí tó kù ránṣẹ́ sí àwọn oníṣẹ́ abẹ. Ní ọdún 2014, ilé iṣẹ́ náà gbà níwájú ilé ẹjọ́ pé òun jẹ̀bi, owó tí wọ́n sì san ju mílíọ̀nù 80 dọ́là lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ti gba àṣẹ láti ṣe tiwọn, nítorí náà n kò sọ pé ohun èlò náà burú.

Èkejì ni orúnkún àtọwọ́dá gan-an tí wọ́n wọ̀n ṣe, ó sì dà bíi pé òun ni ọmọ yín ń sọ. Wọ́n á fi CT ya ẹsẹ̀ yín, wọ́n á sì rọ irin tí etí rẹ̀ bá etí eegun yín mu yípo. Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Nígbà tí a bá ń lo èyí tó wà nílẹ̀, ó lè jẹ́ pé ìwọ̀n kan kéré díẹ̀, èyí tó tẹ̀lé e sì tóbi díẹ̀, tí etí irin á wá yọ síta kọjá eegun. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà tó jáde ní ọdún 2010 rí i pé bí irin itan bá yọ síta tó mìlímítà 3, ewu kí orúnkún ṣì máa dunni lẹ́yìn ọdún méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, ó sì wọ́pọ̀ lára àwọn obìnrin ju ọkùnrin lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe orúnkún tó wà nílẹ̀ náà ti gbọ́: wọ́n ti fi àwọn ìwọ̀n tó tẹ́ẹ́rẹ́ kún tiwọn, oníṣẹ́ abẹ tó bá sì mọ ohun tó ń ṣe yóò mú èyí tó kéré dípò èyí tó ń yọ síta.

Ohun tó ń kọ mí lóminú nípa orúnkún àwọ̀nṣe yìí ni ọjọ́ iwájú. Ike tó wà láàárín irin méjèèjì lè jẹ lẹ́yìn ọdún 15 tàbí 20, tàbí kí kòkòrò àrùn wọ orúnkún náà tí a fi ní láti ṣí i, kí a fọ̀ ọ́, kí a sì pààrọ̀ ike náà kíákíá. Ike tó bá irin yẹn mu nìkan ni yóò wọ̀ ọ́. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tó wà nílẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń lò, aṣojú ilé iṣẹ́ náà lè ní in ní Èkó. Bí ó bá jẹ́ tiyín nìkan ni wọ́n ṣe, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló gbọ́dọ̀ tún un ṣe, bí ilé iṣẹ́ náà bá ṣì wà. Conformis tó wà ní Massachusetts ni orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ jù fún irú orúnkún yìí. Ní ọdún 2023, ilé iṣẹ́ mìíràn rà á. N kò sọ pé àwọn aláìsàn rẹ̀ ti di aláìníbaba, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé Ìbàdàn gbọ́dọ̀ ro irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ju ẹni tó ń gbé Boston lọ.

Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi, ó sì jẹ́ èyí tí àwọn ènìyàn kì í sábà sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, bóyá nítorí pé kò sí ohun tí a lè tà nínú rẹ̀. Òun ni kí a wọn ibi tí a fẹ́ kí ẹsẹ̀ dúró sí bá bí ẹni náà ṣe rí kí àrùn tó dé. Ẹ rántí ìlà tó tọ́ gbọọrọ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Oníṣẹ́ abẹ eegun Johan Bellemans àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bẹ́ljíọ̀mù ya àwòrán ẹsẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ 250 tí orúnkún kò dùn rí, ìwádìí wọn sì jáde ní ọdún 2012: nínú ọkùnrin 100, ẹsẹ̀ àwọn 32 tẹ̀ síta ní dígírì 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nínú obìnrin 100, àwọn 17 ni. Bí Ọlọ́run ṣe dá wọn nìyẹn. Bí a bá wá mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní àgbà, tí a na ẹsẹ̀ rẹ̀ tọ́ bí ọ̀pá, àfi kí a tú okùn ara kan kí ó tó lè gbà. Ṣé ẹsẹ̀ tí kò tọ́ ni orúnkún àtọwọ́dá rẹ̀ máa ń tètè bàjẹ́? Ní Mayo Clinic, ilé ìwòsàn ńlá kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n tọ́pa orúnkún 398 fún ọdún 15, wọ́n sì rí i pé àwọn tí ìlà wọn wà láàárín dígírì 3 yẹn kò pẹ́ ju àwọn tó yà lọ.

Stephen Howell, oníṣẹ́ abẹ kan ní Sacramento ní California, ló sọ ọ̀nà kẹta yìí di ohun tí ayé ń jiyàn lé lórí. Ó ní kí a dá ojú eegun padà sí ibi tó wà kí ó tó jẹ, kí a má fọwọ́ kan okùn ara. Atọ́nà oníke tí a wọ̀n ṣe ló fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, irinṣẹ́ irin lásán àti kálípà, ohun tí àwọn tó ń rọ irin fi ń wọn ìnípọn, ló wá ń lò. Ẹ wo bó ṣe ń lọ: tí ó bá gé abala eegun kan kúrò, yóò fi kálípà wọ̀n ọ́ níbẹ̀ lórí tábìlì, yóò fi nǹkan bíi mìlímítà 2 kún un bí kèrékèré ibẹ̀ bá ti jẹ tán, yóò fi nǹkan bíi mìlímítà 1 kún un fún ibi tí ẹnu ayùn ti jẹ, àròpọ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ìnípọn irin tí yóò gba àyè rẹ̀ mu. Bí kò bá mu, yóò tún un gé tàbí kí ó dí i. Ẹni tó jẹ́ pé òun ló mú wíwọ̀n ẹsẹ̀ bá ẹni lókìkí jù lọ ni ó padà sí irinṣẹ́ tí kò gba kọ̀ǹpútà yìí, n kò sì lè sọ ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ yín gbọ́ ju báyẹn lọ. Orúnkún tó wà nílẹ̀, pẹ̀lú irinṣẹ́ tó wà nílẹ̀, lè jẹ́ àwọ̀nṣe tó bá jẹ́ pé oníṣẹ́ abẹ ló wọ̀n ọ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ apá kejì rẹ̀ náà. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà lórí orúnkún 88, tó jáde ní ọdún 2014, rí i pé ìrora àwọn tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún kéré sí ti àwọn tí wọ́n na ẹsẹ̀ wọn tọ́. Òmíràn ní New Zealand lórí ènìyàn 99, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, kò rí ìyàtọ̀ kankan. Èyí ló mú kí ọ̀pọ̀ wa rìn láàárín: a máa ń gba ìwọ̀n díẹ̀ láyè kí ẹsẹ̀ ṣì tẹ̀ bó ṣe tẹ̀ látilẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í jẹ́ kí ó kọjá ààlà. Ẹsẹ̀ yín tó tẹ̀ síta báyìí, àrùn ló fa púpọ̀ nínú rẹ̀, kì í ṣe bí wọ́n ṣe bí yín. Bí ẹ bá ní fọ́tò tí ẹ yà nígbà èwe níbi tí ẹsẹ̀ ti hàn, ẹ mú un lọ fún dókítà yín; n kò ṣàwàdà, mo máa ń béèrè rẹ̀.

Bí ọmọ yín bá tún ní rọ́bọ́ọ̀tì ńkọ́, ẹ sọ fún un pé rọ́bọ́ọ̀tì kì í dá ṣiṣẹ́ abẹ. Nínú irú èyí tó gbajúmọ̀ jù ní Amẹ́ríkà, ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ ló ń ti ayùn, apá irin náà kàn ń dá a dúró ni bí ó bá fẹ́ kọjá ibi tí wọ́n ti yàn. Ìdíwọ̀n rẹ̀ máa ń péye. Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí kan ní Kòríà, pẹ̀lú irú rọ́bọ́ọ̀tì tó ṣáájú èyí, wọ́n tọ́pa àwọn aláìsàn tó ju 1,000 lọ fún ó kéré tán ọdún 10, àwọn tí rọ́bọ́ọ̀tì bá wọn ṣe é kò sì sàn ju àwọn tó kù lọ.

Ó wá ku irin ti ọdún 1998. Ẹ padà sí ọ̀pá tí mo ní a máa ń kì bọ inú eegun itan: inú ihò kan náà ni irin yín wà. Kò sí bí ọ̀pá náà yóò ṣe gùn tó bó ṣe yẹ bí irin yín bá dí ọ̀nà. Ohun kejì tún wà tó ń dẹ́rù bà mí ju ìyẹn lọ. Bí eegun tó ṣẹ́ nígbà náà bá jinná wọ́rọ́, ọ̀pá yóò tẹ̀lé wíwọ́ rẹ̀, yóò sì parọ́ fún oníṣẹ́ abẹ nípa ibi tí ìgbáròkó wà. Bí ibi tó wọ́ bá ṣe súnmọ́ orúnkún tó ni aburú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Irú ẹsẹ̀ yìí gan-an ni atọ́nà àwọ̀nṣe, tàbí kọ̀ǹpútà tó ń tọ́ni sọ́nà nínú tíátà, ti ń wúlò, nítorí pé àwọn méjèèjì kì í wọ inú eegun. Ti kọ̀ǹpútà dùn ún wò: oníṣẹ́ abẹ yóò kàn di ẹsẹ̀ mú, yóò máa fi í ya òbìrí lójú afẹ́fẹ́, ẹ̀rọ náà yóò sì ti inú ìrìn yẹn ṣírò àárín oríkèé ìgbáròkó. Bí ó bá jẹ́ atọ́nà oníke ni, CT ni kí wọ́n lò, nítorí irin máa ń da àwòrán MRI rú.

Ṣé ẹ óò wá lọ sí Houston nítorí èyí? Ó ṣeé ṣe kí ó má tíì kan ìyẹn. Kí àwọn ẹ̀rọ yìí tó dé, a ti ń pààrọ̀ orúnkún fún àwọn tó ní irin nínú itan. Bí irin yín bá ti òkè wọlé, láti ìgbáròkó, ó lè jẹ́ pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúró jìnnà sí orúnkún, tí ọ̀pá kúkúrú yóò fi ráyè. Bí ó bá ti orúnkún wọlé, ẹnu rẹ̀ wà ní ibi tí a fẹ́ lu ihò náà gan-an, àfi kí a yọ ọ́, yálà lọ́jọ́ kan náà tàbí kí a kọ́kọ́ yọ ọ́ kí ara jinná. Oníṣẹ́ abẹ tún lè fi ẹ̀rọ X-ray inú tíátà wá àárín ìgbáròkó, kí ó fi àmì sí ara níbẹ̀, kí ó sì na irin gígùn láti ìta sí àmì náà. Ọ̀nà àtijọ́ ni, kò sì tíì di èyí tí a ń jù nù.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ilẹ̀ bàbá àwọn ọmọ yín ni pé kí ẹ ya X-ray gígùn, ní ìdúró, tó mú ẹsẹ̀ méjèèjì láti ìgbáròkó dé kókósẹ̀. Kékeré tí wọ́n ń yà fún orúnkún nìkan kò tó, kò sì ní fi irin náà hàn tán. Ẹ wá ìwé iṣẹ́ abẹ ti ọdún 1998 bí ó bá ṣì wà, nítorí irú irin kọ̀ọ̀kan ní irinṣẹ́ tí a fi ń yọ ọ́, èyí tó bá sì ti pẹ́ tó báyìí nínú eegun máa ń le yọ. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò bóyá kòkòrò àrùn ń fara pamọ́ sídìí irin náà. Ẹsẹ̀ tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ sí rí ni ewu àkóràn rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ má sì gba abẹ́rẹ́ kankan sínú orúnkún yẹn mọ́ láàárín oṣù mẹ́ta ṣáájú iṣẹ́ abẹ, bó ti wù kí ẹni tó fẹ́ gún un yín lè bura tó.

Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó pẹ̀lú dókítà yín, kí ẹ sì bi í, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé orúnkún mélòó ni ó ń pààrọ̀ lọ́dún, àti pé ṣé ó ti ṣe é rí fún ẹni tó ní irin nínú itan. Ẹni tí iye tó ń ṣe bá pọ̀ ni àbájáde rẹ̀ máa ń dára jù. Mo gbà pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín oníṣẹ́ abẹ kan àti òmíràn ju ìyàtọ̀ tó wà láàárín orúnkún àwọ̀nṣe àti èyí tó wà nílẹ̀ lọ. Bí ó bá ní òun kò tíì ṣe irú rẹ̀, ẹ má bínú sí i, ẹ ní kí ó kọ ìwé fún yín lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, ìbáà jẹ́ UCH tó wà nítòsí yín tàbí ilé ìwòsàn eegun ti Igbóbì l'Ékòó. Bí àwòrán gígùn náà bá wá fi hàn pé eegun itan yín wọ́ púpọ̀ nítòsí orúnkún, tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe níhìn-ín sì sọ pé ó kọjá irinṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ àwọn, nígbà náà ni ọ̀rọ̀ ọmọ yín di ohun tí a lè jókòó sọ. Pàápàá jù lọ, kí ó béèrè iye tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ìbánigbófò níbẹ̀, kí ó sì fi oṣù bíi mélòó kan tí ẹ óò fi dúró gba ìtọ́jú iṣan kún un, nítorí kò bọ́gbọ́n mu láti wọ ọkọ̀ òfuurufú gígùn ní kété tí a bá ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí. Ẹ̀jẹ̀ máa ń dì nínú iṣan ẹsẹ̀.

Ní ti ìkúnlẹ̀, kò sí orúnkún àwọ̀nṣe kankan tí mo mọ̀ tó yanjú rẹ̀. Irin náà kò ní fọ́ bí ẹ bá kúnlẹ̀. Ohun tó ń dí àwọn ènìyàn lọ́wọ́ ni pé iṣan ìmọ̀lára kékeré kan máa ń gé níbi tí a ti la awọ, tí ìta orúnkún yóò fi kú tipiri, tí ó sì máa ń ṣe ènìyàn bákan láti fi gbogbo ìwọ̀n ara lé e. Nígbà tí ojú ọgbẹ́ bá ti jinná dáadáa, tí dókítà sì ti gbà, ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ fọwọ́ ti ìrọ̀rí, kí ẹ tó bọ́ sórí tìmùtìmù nílẹ̀. Àwọn kan ń kúnlẹ̀ padà láìsí wàhálà. Àwọn mìíràn ń gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì padà sórí àga. Bí àwọn ọmọ bá wá kí yín, wọ́n á kúnlẹ̀ fún yín; ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹni ọdún 67, àwọn tí ẹ ní láti kúnlẹ̀ kí kò pọ̀ mọ́, àdúrà ló kù, ọ̀pọ̀ àwọn tí mo ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ló sì ń jókòó gba tiwọn.